Ìgò Mẹ́fà Nínú Omi Tútù Ìkògòsì

Ìwé ara ìgò ni mo kọ́kọ́ rí, tó ń léfòó lọ lójú omi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa àwọn ìgò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló wà ní ìhòòhò. Ìwé tó sọ ilẹ̀ tí wáìnì kọ̀ọ̀kan ti wá ti ṣí kúrò pátá, omi tútù sì ti gbé e dé ibi tó ti ń pàdé omi gbígbóná.

Oṣù kejì mi nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́ agbọ́tí nílé àlejò kékeré kan ní Ìkògòsì, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Ìyàwó mi wà nílé pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì pé ogójì ọjọ́, iṣẹ́ yìí nìkan ni a sì gbójú lé. Ọ̀gá mi, Bàbá Fálúyì, ará Ẹ̀fọ̀n, ti ṣe kúùkù títí irun rẹ̀ fi funfun. A kò ní fìríìjì. Odò ni fìríìjì wa. Wáìnì funfun mẹ́ta ló ní kí n rì sómi láàárọ̀. Èmi, nítorí àṣejù, mo kó pupa mẹ́ta mọ́ ọn.

Ọmọ adẹ́mu ni mí, láti Ara-Èkìtì, mo sì rò pé mo mọ ọtí. Lọ́sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, Bàbá ní kí n tọ́ irú wáìnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí a ní wò, kí n máa tu ú sínú garawa. Ti ilẹ̀ Potogí ni mo kọ́kọ́ fi kan ahọ́n.

"Bàbá, ẹ dákun, èyí ti kan."

"Kò kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ. Ṣé ẹmu àná lo pè é ni? Tún un tọ́ wò."

Láti ìgbà náà ni mo ti yéé wá adùn, tí mo ń wá òórùn.

Ọ̀gá tíṣà kan láti Arámọkọ àti ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, láti yan wáìnì tí kò wọ́n fún ìgbéyàwó ọmọ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, mo jẹ́wọ́. Ó wo ìgò, ó wò mí.

"Wàá tọ́ wọn wò níwájú àwọn àlejò. Bó o bá ṣì wọ́n pè, ulé lò ń lọ."

Àwọn àlejò dé. Bàbá kọ̀yìn sí wa, ó ṣí gbogbo ìgò.

"Wáìnì wo nìyí?" ni ọ̀gá tíṣà wí. "Àbí àgbo ni wọ́n rọ síbẹ̀? Mi ò ní fún àwọn àna mi lóhun tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀."

"Bàbá Bọ́lá, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Funfun kò yọ mí lẹ́nu. Èyí tó ń ta sánsán bí òdòdó, Jámánì. Èyí tó mú bí ọsàn wẹ́wẹ́, Potogí. Ìkẹta, Faransé. Ṣùgbọ́n òtútù ti pa òórùn pupa. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ife, mo ń dúró kó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ̀gá tíṣà ń wo aago. Nígbà tí òórùn jáde, mo ní èyí tó ń rùn bí èéfín jẹ́ ti Àlùjíríà, èyí tó ń fún ahọ́n bí orógbó jẹ́ ti Ítálì, tó kù jẹ́ ti Sípéènì.

Bàbá yíjú sí wa. Ìdérí ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ ilẹ̀ wà lára gbogbo wọn. N kò mọ̀ pé wọ́n ń kọ nǹkan síbẹ̀.

"Mẹ́rin tọ̀nà," ló wí. "Ítálì àti Sípéènì lo gbé fún ara wọn."

Mo gbé ife sílẹ̀, mo ń retí kó ní kí n máa lọ sílé.

"Èmi náà ṣì máa ń ṣì wọ́n," ló wí. "Lọ fọ ife."

Mo fọ ife bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Potogí àti Àlùjíríà ni àwọn àlejò mú.

Mo pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn kí n tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ẹni tí mo kọ́ ni mo kìlọ̀ fún pé pupa kì í wọ odò. Ti ìdérí ìgò, n kì í sọ ọ́ títí wọ́n á fi tọ́ ọ wò.