Iṣẹ́ Ọ̀gá Ló Ń Ṣíwájú

Sàlímọ́tù ló kọ òfin tí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn wọn ní Nyanya fi ń to iṣẹ́: ẹni tó bá kọ́kọ́ ránṣẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ dá lóhùn. Akínjídé, ọ̀gá wọn, fárígá.

“Èmi, kí n tò sẹ́yìn nọ́ọ̀sì? Tèmi ni kó máa ṣíwájú, káwọn yòókù dúró!”

Ó ṣe é fún un.

Lánàá, wọ́n gbé ẹnì kan tí mọ́tò gbá wọlé, ojú rẹ̀ wú kọjá mímọ̀. Nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ béèrè ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò dé. Sàlímọ́tù sáré wá síbi bẹ́ẹ̀dì, ó yẹ ìlà náà wò. Háà! Fáànù tí Akínjídé ní kí wọ́n tún ṣe láàárọ̀ ló dínà. Ó tì í sẹ́yìn, ó sì fìbínú pe ọ̀gá rẹ̀.

Fóònù dún nínú àpò ẹni tí mọ́tò gbá.