Àṣàrò Létí Ọ̀sà

Mo rántí bí ilé wa ní Ìkòròdú ṣe pa rọ́rọ́ lẹ́yìn tí a sin ìyàwó mi. Oorun dá lójú mi, ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, dókítà sì ní bí ọkàn mi kò bá balẹ̀, oògùn nìkan kò ní gbà mí. Ọmọ mi obìnrin bá fi àṣàrò kan tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú fóònù mi. Ohùn obìnrin jẹ́jẹ́ kan ni: "Ẹ fa èémí sínú. Ẹ dẹ èjìká yín. Ẹ tẹ̀ lé mi." Láàárọ̀, mo máa ń gbé e lọ sí Ìpàkodò, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò. Bí wọ́n ti ń pariwo tó, ohùn yẹn á fà mí lọ bí afọ́jú, á sì dá mi padà: "Ó tó. Ẹ la ojú yín." Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Èmi wá rò pé mo ti di ọ̀gá.

Mo gbé ìyangàn mi dé Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, apẹja tó ti ń ṣe àṣàrò kí fóònù tó dáyé. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àna mi, ṣé ẹ̀rọ ló wá ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń mí?"

"Ẹ jẹ́ n gbádùn ara mi, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ pa á. Ẹ jókòó bí àwa ṣe ń jókòó ti àwọ̀n. Èrò tó bá wá, ẹ má lé e, ẹ má sì pè é."

Ọ̀sán gangan ni. A jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n fà sí èbúté, ọjà Olúwo ń hó lẹ́yìn wa. Mo di ojú. Díẹ̀díẹ̀ ni ariwo ọjà ń jìnnà, títí tí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Tèmi kò bá mi dákẹ́. Ìyàwó mi pè mí. Orí omi ni ohùn náà ti wá, bí ohùn ẹni tó ti se oúnjẹ tán tó ń dúró dè mí. Orúkọ tí kì í pè níwájú ọmọ ló pè. Mo ń retí kí ẹnìkan sọ pé ó tó. Ta ni yóò sọ ọ́? Ó tún pè.

Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá mi lọ́rùn ẹ̀wù mú ni mo tó mọ̀ pé mo ti dìde kúrò nínú ọkọ̀, mo sì ti ń rìn wọ inú ọ̀sà. Omi ti dé àyà mi.

"Ṣé ẹ dáhùn?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ ṣeun. Àwa ará ọ̀sà kì í dáhùn ìpè tí a kò rí ẹnu tó pè é." Ó wo ojú omi títí. "Èmi náà gbọ́ ọ. Àbúrò mi ṣì ń kánjú bíi ti tẹ́lẹ̀."

Ọmọ mi máa ń bi mí báyìí pé èwo ló sàn jù nínú àṣàrò méjèèjì. Mo ní èyí tó ní atọ́nà, ẹlòmíràn ló ń sọ fún ọ pé ó ti parí. Èyí tí kò ní, ìwọ fúnra rẹ ni wàá pinnu ìgbà tí wàá padà. Ó rò pé ọgbọ́n àgbà ni. Mi ò sọ fún un pé mo ṣì ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ jókòó. Ìyá rẹ̀ á pè, á dúró, á tún pè. Ahọ́n mi ti mọ ìdáhùn náà. Eyín mi nìkan ló ń dá a dúró.