Ìkíni Tí Mo Fi Du Aládùúgbò Mi

Obìnrin òyìnbó tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé rẹ̀ àti tèmi níyà ní Alibon nílùú òyìnbó ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Pánla wà lórí iná mi lọ́jọ́ náà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé, nígbà tí lẹ́tà káńsù dé pé ó fẹjọ́ sùn: òórùn ọbẹ̀ mi kò jẹ́ kí òun mí. Mo pinnu pé n kò ní kí i mọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jù ú lọ. Kí òun kọ́kọ́ kí mi. Ọ̀rẹ́ mi, ọdún mọ́kànlá ni mo fi dúró.

Nígbà ìbò kan, ó lẹ ìwé ẹgbẹ́ òṣèlú kan tó ní kí àwa àlejò máa lọ sílé mọ́ fèrèsé rẹ̀. Inú mi tilẹ̀ dùn pé ẹ̀rí ti dé pé ó kórìíra wa. Mo ròyìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ìjọ kan sì bú sẹ́rìn-ín: "Màmá, ẹ se pánla ọ̀hún lọ́jọ́ ìbò, kó má lè jáde!"

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ kan ilẹ̀kùn mi, ó ń tiro nínú òjò, ìwé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé kí n dìbò fún yín kí ẹ lè rí mi lé ni?"

Ìtìjú mú kí ojú rẹ̀ pọ́n. "Wọ́n ní kí n má fo ilé kankan."

Mo ní kó wọlé jókòó. Kì í ṣe àánú; mo fẹ́ kó tọrọ àforíjì lẹ́tà yẹn ni. Mo bi í léèrè ohun tí wọ́n fún un tó fi ń gbé ìwé wọn kiri pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ó ní ọmọbìnrin òun dúró títí kí káńsù fún un ní ilé tí yóò máa gbé, kò rí i, ó sì kó àwọn ọmọ lọ sí ìlú etíkun kan tó jìnnà. Lẹ́yìn náà ni ọkọ òun kú. Obìnrin méjì láti inú ẹgbẹ́ náà ló wá jókòó ti òun, tí wọ́n bi òun pé orúnkún ńkọ́.

Mo rántí ọjọ́ tí ọkọ̀ òkú dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo wà. Ẹni tí a ń bá jà pàápàá, a máa ń kí i kú aráfẹ́rakù. Èmi tí wọ́n kọ́ nílé, tí mo sì ṣe olùkọ́, mo ń retí kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kọ́kọ́ kí mi!

N kò fara mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ títí dòní, n kò sì gbàgbé lẹ́tà náà. Àmọ́ mo ń dúpẹ́ pé kò fo ilé mi. Ǹ bá kú pẹ̀lú èrò pé èmi nìkan ni wọ́n ṣẹ̀. Lọ́jọ́ tó wọlé mi náà, nígbà tí mo bi í pé ta ni ì bá wá kí i lẹ́yìn irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ó gbé ife tíì tí mo fún un kalẹ̀.

"Mo mọ̀ pé mi ò ṣe dáadáa. Síbẹ̀, ìwọ ni mo ń retí nígbà tí ọkọ mi kú. Àwọn ló wá."