Orúkọ Tí Mo Pè Sínú Máìkì ní Ìkòsí

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Orúkọ òkú ni mo pè lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sàn-án gangan, èmi tí ìyá mi ti nà nítorí irú ẹ̀ rí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá sí Ìkòsí, kó wá fi íápíìsì náà sétí ara ẹ̀.

Bísí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló ń ya fíìmù nípa bí àwọn ará Èkó ṣe ń ṣe ìwọ́de, láti ayé àwọn bàbá wa títí dórí àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Ó ní kí n wá bá òun di máìkì mú. Ẹ wo àgbà! Íápíìsì wà létí mi, wáyà wé mọ́ mi lọ́rùn bí ewúrẹ́ tí wọ́n so.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Sídì la lọ. Ọkọ wọn, Sùnmọ́nù, jáde lọ ṣe ìwọ́de ní Ọ̀jọ́ta láyé àwọn ṣọ́jà, kò padà wálé. Wọn ò róòkú ẹ̀, kò sì ní sàréè. Ó pẹ́ kí Ìyá tó gbà láti sọ̀rọ̀, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo làwọn máa sọ ọ́.

Ìyá ń wé gèlè lọ́wọ́ ní yàrá. Bísí ní, "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ́ẹ̀sì máìkì."

Àtàárọ̀ ni wán-tú, wán-tú ti sú mi. Orúkọ tó wà lórí bébà iwájú mi ni mo kà. "Sùnmọ́nù! Sùnmọ́nù! Sùnmọ́nù!"

"Mo ń bọ̀."

Ẹ gbà mí gbọ́, inú íápíìsì ni. Ohùn ọkùnrin, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré dé. Mo wẹ̀yìn. Ògiri lásán.

Èmi tí mo máa ń pariwo bọ́ọ̀lù dé Kétu, ohùn mi di ti ọmọ ológbò.

"Bísí, ṣé ìwọ lo sọ̀rọ̀?"

"Uncle, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

Ó gba íápíìsì, ó dá ohùn náà padà, ó gbọ́ ọ. Ojú ẹ̀ yí padà. "Ẹ̀rọ ti ká a sílẹ̀," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n pa á rẹ́. Tí Ìyá bá gbọ́ èyí, wọn ò ní sọ̀rọ̀ mọ́."

"Kí lẹ fẹ́ pa rẹ́?"

Ìyá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ta ló lè purọ́ fún irú ojú yẹn? Wọ́n gba íápíìsì, wọ́n fi sétí. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní ká tún gbé e fáwọn gbọ́.

Ẹsẹ̀ mi ti dé géètì ní tiẹ̀, wáyà ló dá ìyókù ara mi dúró. Ẹ̀yin tó ń fi máìkì jẹun, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wán-tú sú yín láéláé.

Ìyá yọ ọ́ létí. Wọn ò sunkún. Wọ́n he máìkì tó ti bọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

"Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é, kò dá mi lóhùn. Ọmọ mi, ìwọ ló dá lóhùn. Jókòó. Tún un pè, kó o bi í níbi tí wọ́n sin ín sí."