Irúgbìn Tí Kò Tó Eruku

Nínú ọgbà òdòdó tí bàbá kan ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀. Má-mí-sí-i ni wọ́n ń pè é, torí ohun tó máa ń sọ nìyẹn fún ẹni tó bá sún mọ́ tábìlì rẹ̀. Irúgbìn tó ń gbìn kò tó eruku. Ẹni tó bá sín níbẹ̀, ara ògiri ló gbin òdòdó sí.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni o. Á kọ́kọ́ fi ajọ̀ jọ erùpẹ̀ títí á fi kúnná, á fi pátákó pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ kó tẹ́jú nínú tíréè. Á po irúgbìn mọ́ yanrìn funfun gbígbẹ, á dà á sínú ike iyọ̀ tó ní ihò lórí, á wá máa gbọ̀n ọ́n díẹ̀díẹ̀. Ibi tí yanrìn bá funfun sí, irúgbìn ti débẹ̀. Kì í bò ó, torí irúgbìn wẹ́wẹ́ ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Kì í sì í bomi lé e lórí. Inú ọpọ́n omi ló ń gbé tíréè sí, kí erùpẹ̀ fa omi látìsàlẹ̀.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé ó ti pé ọdún méjì tó ti rí irúgbìn kẹ́yìn. Ojú ti lọ. Yanrìn ló ń rí, yanrìn náà ló gbójú lé. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní kó lọ jókòó sílé, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yìí nìkan ló mọ̀ láyé. Ló bá panu mọ́.

Lọ́jọ́ kan, màdámú tó ni ọgbà gbé àpò ìwé kan wá.

"Bàbá, ọ̀nà jíjìn ni mo ti rí èyí. Kò sí òmíràn. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè gbé e fún."

"Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó lé gbogbo èèyàn jáde, ó ya àpò, ó gbọ̀n ọ́n sórí yanrìn, ó pò ó, ó gbìn ín.

Ọjọ́ mẹ́wàá pé, kò hù. Bàbá ní irúgbìn ọlọ́lá kì í kánjú. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, màdámú béèrè. Bàbá ní, "Mò ń wò ó." Ó kúkú ń wò ó lóòótọ́. Wíwò ò ṣòro, rírí ni wàhálà.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ń gbálẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó he àpò ìwé yẹn. Àpò ọ̀rá kékeré kan lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ nínú, ẹnu rẹ̀ dí gbọn-in, irúgbìn sì wà nínú rẹ̀. Ó wo àpò, ó wo tíréè.

"Bàbá mi, ẹ jókòó."

"Kí ló dé?"

"Yanrìn lásán lẹ gbìn."

Yéè! Ọjọ́ méjìdínlógún gbáko ló fi ń fún yanrìn lómi mu, tí kò sì jẹ́ kéèyàn mí sí i.

"Ẹ jẹ́ kí n yára gbìn ín," ni ọmọ wí. "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ẹ̀rù ba bàbá, ká má parọ́.

"Bó o bá bá mi gbin tòní, tọ̀la ńkọ́? Lọ pe màdámú wá."

Màdámú dé. Bàbá ní, "Mi ò ríran mọ́. Irúgbìn yín ò tíì kan ilẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún méjì."

Màdámú wo tíréè. "Ọdún méjì yìí mà ni irúgbìn wa ń hù jù." Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó ní kí ọmọ máa gbìn, kí bàbá máa tọ́ ọ sọ́nà.

Ọmọ gbọn ike. Bàbá dẹ etí. "Ó ti pọ̀ jù. Rọra." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbìn ín tán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, ọmọ pariwo. "Bàbá mi, wọ́n ti hù!"

"Mélòó?"

"Wọ́n pọ̀!"

"Mo ní mélòó?"

Ọmọ kúnlẹ̀ ti tíréè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Nígbà tó dé ogójì, ó gbójú sókè, ó rí i pé bàbá òun ń sunkún. Ó dúró.

"Máa kà á lọ," ni bàbá wí.