Ọ̀bẹ Àpò Tó Gba Ọsàn Ìyá Àgbà Là

Nígbà tí mo ṣì kéré, oko ni Ìgàndò. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbé ibẹ̀ lónìí, tí ilé ti ká yín mọ́ lọ́tùn-ún lósì, ẹ lè rò pé irọ́ ni mò ń pa. Kì í ṣe irọ́ jàre. Ẹ̀yìnkùlé wa fẹ̀ ju pápá ìṣeré ilé-ìwé mi lọ, igi ọsàn ìyá ìyá mi ló sì wà láàárín rẹ̀.

Ọsàn náà dùn débi pé ẹni tó bá mu ún kì í fẹ́ fọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí adùn nìkan la ṣe fẹ́ràn igi yẹn. Ìdí rẹ̀ ni a máa ń ri ibi ọmọ mọ́lẹ̀ sí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá bímọ nínú ilé wa. Ibi ọmọ ti ìyá mi wà níbẹ̀, tèmi náà wà níbẹ̀. Tí mo bá ń ṣe oríkunkun, ìyá àgbà á ní kí n lọ jókòó sábẹ́ igi mi títí ara mi á fi balẹ̀.

Ìgbà tí owó epo ń ya wọ ìlú ni mò ń sọ yìí. Ìjọba ń la títì, wọ́n ń kọ́ ilé káàkiri, katapílà sì ń fa igi tu bí ẹni ń fa ewédú. Lọ́jọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi ọsàn náà. Wọ́n ní ojú ọ̀nà tuntun ló bọ́ sí, pé bí òjò ọdún náà bá ti dá, igi náà di wíwó. Ìyá àgbà ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn wọlé, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n sì sunkún. Mi ò rí ẹkún wọn rí. Inú bí mi gidigidi.

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa níṣẹ́ ọ̀gbìn ti fi hàn wá rí bí wọ́n ṣe ń lọ́ igi kan mọ́ òmíràn. Ẹ ó gé ojú kan lára ẹ̀ka, ìyẹn ibi tí ewé tuntun ti ń yọ, pẹ̀lú èèpo díẹ̀. Ẹ ó la èèpo igi kékeré mìíràn, ẹ ó ti ojú yẹn bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì fi ọ̀rá dì í. Tó bá gbà, igi ọsàn kíkan á bẹ̀rẹ̀ sí í so ọsàn dídùn. Ọsàn kíkan sì rèé, ó lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀ kún etí odò wa. Mo sọ fún ìyá àgbà pé igi wọn ò ní kú.

Àbúrò bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá, ló fún mi ní ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ àpò ni, irú èyí tí a máa ń ká ẹnu rẹ̀ wọnú èèkù. Ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn bí àdá, ó ń dán yinrin, ó tilẹ̀ ní nǹkan tí wọ́n fi ń ṣí ìgò.

Bàbá mi kékeré ní, "Ìlú òyìnbó ló ti wá! Irin tó bá wúwo nirin!"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ra gbogbo nǹkan láyé ìgbà yẹn. Rédíò ni, bàtà ni, àfi kó gbé e sọ́wọ́ wò kó tó gbà pé ó dára. Mo fi ọ̀bẹ náà lọ́ ọsàn wa mọ́ ọsàn kíkan, gbogbo ojú tí mo fi sínú èèpo ló dúdú, ló já bọ́. Bàbá mi kékeré rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé o rí i? Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tobìnrin. Lọ bá wọn dáná, jàre."

Ìyá àgbà ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n wo ojú ọgbẹ́ lára igi náà dáadáa. "Ọ̀bẹ yìí ò gé èèpo," ni wọ́n wí. "Ńṣe ló tẹ̀ ẹ́ fọ́. Dìde, ká lọ sí Ìkòtún."

Mo gé ẹ̀ka ọsàn kan dání. Lọ́jà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ta irin tẹ́ ọ̀bẹ àpò sórí ẹní, ó sì kọ́kọ́ na irú èyí tó ń dán yẹn sí mi. Mo dá a padà. Mo mú òmíràn tó fẹ́lẹ́ bí abẹ, mo fi tẹ èékánná mi, ó sì tẹ̀ kọrọdọ. Ìyẹn náà ò lè gbé èèpo sókè. Ẹ̀kẹta burẹ́wà. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, igi èèkù rẹ̀ ti sán, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ lágbára, ó wá ń fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí dé ẹnu. Mo ní kí ọkùnrin náà bá mi pọ́n àtòun àti èyí tó ń dán.

Èyí tó ń dán yára mú. Èyí dúdú ń han lórí òkúta, ó le bí orí ahun, àwọn tó dúró wòran sì ń fi mí ṣẹ̀sín. Mo fi ọ̀bẹ méjèèjì gé ẹ̀ka tí mo mú wá ní wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà ni mo fi wọ́n la ewé. Èyí tó ń dán ti kú, ó kàn ń fa ewé ya. Èyí dúdú là á bí ẹni pé kò tíì ṣiṣẹ́ kankan.

Ọlọ́jà wò mí, ó ní, "Ọmọ yìí, bó o ṣe ń yẹ ọ̀bẹ wò yìí, báwo lo ṣe máa wá yẹ ọkọ wò?"

Ìyá àgbà ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni. Kò ní fẹ́ èyí tó kàn ń dán."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kìlọ̀ fún wa ṣá, ó ní, "Mama, ẹ má ní mi ò sọ o, ìyẹn máa ń dípẹtà." Ìyá àgbà ní àwọn ní àdín nílé, àwọn á máa fi pa á lára.

Nígbà tí a fi máa délé, àwọn òṣìṣẹ́ ti gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ igi náà dànù. Mo gùn ún dé òkè, mo já ìwọ̀nba èyí tó kù. Tí ìyẹn náà bá bàjẹ́, ó parí nìyẹn. Mo kó wọn lọ sétí odò, mo fi ọ̀bẹ dúdú yẹn la ara àwọn ọsàn kíkan. Èèpo là, ó ṣí wẹ́rẹ́, mo ti ojú ọsàn wa bọ̀ ọ́, mo sì dì í.

Ọjọ́ tí katapílà dé, ìyá àgbà fà mí lọ́wọ́ lọ sétí odò. A ń gbọ́ bí igi náà ṣe ń ya lẹ́yìn wa. Wọ́n ní, "Má wẹ̀yìn. Tú u." Mo tú ọ̀rá náà. Ojú tó wà níbẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Mo tú òmíràn, àwọ̀ ewé ni. Ìyá àgbà kígbe, "Ó gbà! Ó ti gbà o!" Wọ́n ká ìró sókè, wọ́n jó yí mi ká nínú ẹrẹ̀ yẹn, ariwo wọn sì borí ti katapílà. Títí dòní, mi ò tíì gba ẹ̀bùn kankan tó dùn mọ́ mi nínú bí ijó yẹn.

A wú wọn, a sì gbìn wọ́n sí ìyókù ẹ̀yìnkùlé tí títì ò jẹ. Nígbà tí wọ́n so, bàbá mi kékeré wá tọrọ igi kékeré kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́, fún ilé rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo fún un, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ wú u, nínú agbádá.

Ayé ti yí. Odò yẹn ti di gọ́tà, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gbé ọsàn wọ ìlú wa láti òkèèrè. Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin ń fi ọ̀bẹ àpò hàn mí lórí fóònù, ó ní kí n wo bó ṣe ń dán. Mo ní kó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi kí n wò ó ná. Ọsibítù la sì ti ń bímọ báyìí, ọ̀pọ̀ ò tilẹ̀ bèèrè ibi ọmọ mọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ọmọ mi obìnrin bímọ, ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó gbé ibi ọmọ náà fún òun, ilé ló ń lọ. A rì í mọ́lẹ̀ sídìí ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé mi. Mo já ọsàn kan, mo fi ọ̀bẹ Ìkòtún yẹn bó o fún ìyá ọmọ. Ẹnu ọ̀bẹ náà ti tín-ín-rín nítorí pípọ́n, ó ṣì dúdú, ó sì mú.