Fọ́tò Géèmù Tí Kò Tíì Jáde

Kò tíì pé ọdún kan tí àwọn ṣọ́jà fagi lé ìbò, tí epo ọkọ̀ di ohun tí à ń wá kiri, nígbà tí mo pe àbúrò ọkọ mi lólè lójú àlejò. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọmọ mi. Má bá mi dín in kù.

Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé, nítorí náà ọkọ ni òun náà jẹ́ fún mi. Tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe láàárín ìlú Ọ̀wọ̀; àwa ń ṣoko ní Ìdógùn. Òun ló fún àwọn ọmọ mi ní ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ dà bíi pé búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ wọ́n. Lọ́jọ́ kan, ó mú ìwé kan wá tí fọ́tò géèmù tuntun wà nínú rẹ̀. Èèyàn inú ìyẹn ní imú, òógùn sì ń dán níwájú orí rẹ̀! Ó ní òun á fi ti àtijọ́ ṣe pàṣípààrọ̀, tuntun á dé lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ kó o fún un.

Oṣù náà dé, géèmù ò dé. Ó ní àwọn tó ń ṣe é lókè òkun ní ó kù díẹ̀. Ọdún Àjíǹde kọjá. Ó ní wọ́n tún ti sún un síwájú, pé àwòrán rẹ̀ ò tíì dán tó bí wọ́n ṣe fẹ́.

Kí ni kò tíì dán? Èyí tí mo fojú ara mi rí? Ta ló ń ya fọ́tò ọmọ tí wọn ò tíì bí? Mo gbà lọ́kàn mi pé ó ti ta ti àtijọ́ tó gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ.

Lọ́jọ́ ọjà, mo sọ iṣu mi kalẹ̀, mo wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ọkọ mi, géèmù dà?"

"Ìyàwó wa, kò tíì jáde ni."

"Kò tíì jáde, ó wá ya fọ́tò! Olè ni yín! Ẹ gba tọwọ́ ọmọ, ẹ ń fi ìwé tàn mí."

"Ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́, mo ní àlejò."

"Kí àlejò náà gbọ́!"

Àlejò náà gbọ́. Ìyá ọmọbìnrin tí àbúrò ọkọ mi fẹ́ fẹ́ ni. Ìwádìí ló bá wá, bí a ti máa ń ṣe ká tó fọmọ fúnni. Ó dìde, ó so gèlè rẹ̀ le, ó lọ.

Lẹ́yìn oṣù méjì, géèmù dé. Awakọ̀ tó gbé e wá sọ pé ní Èkó gan-an, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló débẹ̀; pé kí wọ́n tó ṣe é parí ni wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé. Àwọn ọmọ ń pariwo ayọ̀, èmi ò lè wo tẹlifíṣọ̀n náà.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún ìyá ọmọbìnrin náà. Ó ní, "Ìyàwó ilé ló sọ ọ́, ìyàwó ilé náà ló tún ń kó o jẹ. Èwo ni ká gbà?" Wọ́n fi ọmọ náà fún ẹlòmíì.

Mo kúnlẹ̀ fún àbúrò ọkọ mi náà. "Ẹ dìde, ìyàwó wa. Ṣé àwọn ọmọ gbádùn rẹ̀?" Ì bá gbá mi létí, ì bá sàn.

Nígbà tí ìyá rẹ àtàwọn àbúrò rẹ̀ dàgbà, mo sọ fún wọn pé: "Ẹni tó bá ní nǹkan ò tíì dé, ẹ bi í ní kọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé irọ́ ló pa, kọ̀rọ̀ náà á gbà á."